Pọ́ǹpù Tí Mo Mú Nínú Abọ́ Bàbá Lágúnjú

Ó rẹ̀ mí, ẹ̀yin òǹkàwé. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun ń wò. Mo ti sun oorun náà títí, bí mo bá sì jí, ibi tí mo gbé ọ̀rọ̀ yìí sí ni mo ṣì ń bá a.

Ẹ ó bú mi kí ẹ tó kà á tán, mo mọ̀. Ẹ bú mi, mo gbà. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó ṣí ojú ìwé mìíràn.

Hàjàrá lorúkọ mi. Bùsàrí ọkọ mi ń tún mọ́tò ṣe ní Ìlódè, níbí ní Ilé-Ifẹ̀. Mọ́tò ìjàpá, Fọ́síwágìn àtijọ́ yẹn, nìkan ló ń tún ṣe. Àwọn mẹkáníìkì ẹgbẹ́ ẹ̀ ti lọ sídìí Kòròlá àti Kámúrì tipẹ́, wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yẹ ẹ́ńjìnnì wò, àmọ́ òun ò kúrò nídìí ìjàpá. Ó fẹ́ràn wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ obìnrin tí ìyàwó kejì ń yọ lẹ́nu. Tèmi, mọ́tò ni orogún mi.

Lójú ẹni tí kò mọ ìjàpá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ́ńjìnnì wọn wà lẹ́yìn, bóòtù mẹ́rin ló so ó mọ́ gíà. O lè yọ ẹ́ńjìnnì 1200 tó ti gbó, kí o gbé 1600 sí àyè ẹ̀, kó sì wọlé. Odindi rẹ̀ ló ń wọlé bẹ́ẹ̀. Tí o bá tú u sí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ di méjì. Àwọn ohun tó jọra ò ní bára mu, àwọn tí kò jọra á sì máa bára mu. Èyí tó burú jù ni ohun tó wọlé, tí bóòtù ẹ̀ fún, tí kò sì yẹ kó wà níbẹ̀.

Nítorí ìyẹn ni Bùsàrí ṣe ní òfin abọ́.

Mọ́tò tí wọ́n bá tú, abọ́ tiẹ̀ ni gbogbo ohun tí wọ́n bá yọ lára ẹ̀ ń lọ. Èmi ni mo ń pèsè abọ́, àwọn abọ́ ìdáná mi tó ti ha, tó ti jó nídìí. Bùsàrí á fi ọ̀dà tó jọ àwọ̀ mọ́tò náà sí i lára, á fi aṣọ bo ojú ẹ̀, á sì fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túúbù táyà dè é yí ká. Á wá gbé e sórí pẹpẹ. Kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ mú nǹkan láti inú abọ́ kan sí òmíràn, kódà kó jẹ́ wáṣà lásán. Ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, kó tó fọwọ́ kan sípánà, ohun tó máa kọ́kọ́ kọ́ nìyẹn: ohun tó wà nínú abọ́ mọ́tò, ti mọ́tò náà ni.

Ànúolúwapọ̀ ló mọ òfin yẹn jù. Ọmọ Ìpetumodù ni, ọkùnrin tó ti dàgbà, tó ti ń wá ìyàwó. Ó ti kọ́ṣẹ́ tán, ó kù kí wọ́n ṣe fírídọ̀mù ẹ̀. Bùsàrí ti kó àwọn irinṣẹ́ tó fẹ́ fún un lọ́jọ́ náà sínú abọ́ tuntun, ó fi aṣọ funfun bò ó, ó de rọ́bà mọ́ ọn, ó gbé e sókè pátápátá lórí pẹpẹ. Ojoojúmọ́ ni Ànú ń gbójú sókè wo abọ́ yẹn, tí á sì ṣe bí ẹni tí kò wò ó.

"Ìyá," ló máa ń pè mí. Kì í pè mí ní ìyàwó ọ̀gá bí àwọn tó kù.

Lọ́dún tó kọjá, Bùsàrí tú ẹ́ńjìnnì Alhájà Fàrídà. Òun nìkan ló tú u, Ànú ń ṣe mọ́tò mìíràn lọ́jọ́ náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọkọ mi, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tí wọ́n dá a padà sílé, dókítà ní kò gbọdọ̀ gbé nǹkan wúwo, kò gbọdọ̀ dé ibi iṣẹ́ rárá.

Orí ìbùsùn ló ti pè mí.

"Hàjàrá, pọ́ǹpù epo Alhájà ti bàjẹ́, rọ́bà inú ẹ̀ ti ya. Mo ti jù ú nù. Òmíràn ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Sọ fún Ànú kó má fọwọ́ kan mọ́tò yẹn títí tí á fi dé."

"Mo gbọ́."

"Kí o sọ fún un o."

"Mo ní mo gbọ́, Bàbá Muhyideen."

Mo gbọ́ lóòótọ́. Etí mi kò ní àìsàn kankan.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń jókòó sórí àga ọkọ mi níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dùn mọ́ mi. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀ ni mo ti ń wò, tí mo ń gbọ́, tí mo ń kọ́ orúkọ nǹkan. Mo mọ 1300 yàtọ̀ sí 1500. Mo mọ èyí tó ń fi dínámò àtijọ́ ṣe iná àti èyí tó ń fi ọ́tánétọ̀ ìgbàlódé ṣe é. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè rí. Obìnrin tó gbé ìrẹsì wá ni mo jẹ́ lójú wọn.

Alhájà Fàrídà ni olórí àsálátù wa. Obìnrin ńlá ni. Tó bá kí ẹ lójú àwọn èèyàn, wàá ròyìn ẹ̀ délé. Gbogbo ìgbà tí mo ti ń bá wọn ṣe àsálátù, "ìyàwó mẹkáníìkì" ló ń pè mí.

Ó wá síbi iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo dìde kúrò lórí àga, ó ní kí n jókòó.

"Wọ́n ní ìwọ lò ń darí ibí báyìí."

"À ń gbìyànjú, Alhájà."

"Ìwọ lọ̀gá nìyẹn. Ọ̀gá Hàjàrá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò kà á sí.

"Ọ̀gá Hàjàrá, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan," ló wí. "Yìgì Bàrákàt, ọmọ ọmọ mi, ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ní Ìpetumodù. Ìjàpá yẹn ni ọkọ mi fi gbé mi wọlé. Òun náà la fi gbé gbogbo àwọn ọmọ mi obìnrin lọ sílé ọkọ. Ó ku Bàrákàt. Ṣé mọ́tò náà á lè jáde?"

Pọ́ǹpù ẹ̀ ò tíì dé. Ó wà lẹ́nu mi. Ohun tí mo kàn ní láti sọ nìyẹn, kò sì ní gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

"Ẹ má ṣèyọnu, Alhájà. Á jáde."

"Ọkọ ẹ ńkọ́? Kí ló wí?"

"Ọ̀rọ̀ ibí ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ báyìí."

Ó fọwọ́ gbá mi léjìká, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a pàdé ní àsálátù, ó pè mí láti ẹ̀yìn, ó ní, "Ọ̀gá Hàjàrá, wá jókòó lọ́dọ̀ mi." Gbogbo àwọn obìnrin yípadà wò mí. Mo rìn la àárín wọn kọjá, mo sì rọra rìn kí ó lè pẹ́.

Ọjọ́ ń súnmọ́, pọ́ǹpù ò dé láti Ìbàdàn. Mo pe ẹni tó ń tà á, ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo jókòó sórí àga, mo gbójú sókè wo pẹpẹ.

Abọ́ Bàbá Lágúnjú wà níbẹ̀. Ará Ilare ni Bàbá Lágúnjú, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì kánjú gba mọ́tò ẹ̀. Mọ́tò tiẹ̀ kéré lọ́jọ́ orí ju ti Alhájà lọ. Ti Alhájà ń lo dínámò, tiẹ̀ ń lo ọ́tánétọ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sì mọ̀ pé pọ́ǹpù epo tiẹ̀ dára, nítorí ìṣojú mi ni Bùsàrí ti yọ ọ́.

Ànú jáde lọ ra búrẹ́dì. Mo gun àpótí, mo gbé abọ́ náà sọ̀kalẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n fi dè é ti gbó, bí mo ṣe fà á ló já. Mo mú pọ́ǹpù náà. Ó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀, torí kó lè yà fún ọ́tánétọ̀. Ti Alhájà ì bá nàró. Àmọ́ ihò bóòtù ẹ̀ bá ti ẹ́ńjìnnì Alhájà dọ́gba, mo fi ìka wọ̀n ọ́n. Mo ní tó bá ti wọlé, ó bá a mu nìyẹn. Bí ti Alhájà bá dé láti Ìbàdàn, n ó dá ti Bàbá Lágúnjú padà sínú abọ́ ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Mo fi pọ́ǹpù náà sínú abọ́ Alhájà. Mo kó etí aṣọ abọ́ Bàbá Lágúnjú jọ, mo fi ọwọ́ ara mi dì í kíákíá, mo gbé e padà sókè.

Nígbà tí Ànú dé, mo ní, "Ọ̀gá rẹ ní kí o to ẹ́ńjìnnì Alhájà pọ̀."

Inú ẹ̀ dùn. Ó fọ ọwọ́, ó tú abọ́, ó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tó ń bọ́ ẹ̀pà jẹ. Nígbà tó kan pọ́ǹpù, ó dúró. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún.

"Ìyá, ṣé pọ́ǹpù mọ́tò yìí rèé?"

"Kí ló dé?"

"Ó dà. Ti ẹ́ńjìnnì dínámò kì í dà."

"Inú abọ́ ta lo ti bá a?"

"Inú abọ́ Alhájà."

"Kí ni ọ̀gá rẹ kọ́ ẹ nípa abọ́?"

Ó wo pọ́ǹpù, ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n bi ní ohun tó mọ̀.

"Ohun tó wà nínú abọ́ mọ́tò, ti mọ́tò náà ni."

"Ó dáa náà."

"Bóyá kí n lọ bi ọ̀gá."

"Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má dà á láàmú."

Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ànú tẹ̀ ba, ó gbé pọ́ǹpù náà sí i, bóòtù méjèèjì wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tó ta iná sí mọ́tò, ẹ̀ẹ̀kan ló dáhùn. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní mo mọ̀ pé ó máa ṣeé ṣe.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, Alhájà ní Ànú ni kó wa mọ́tò, torí ó mọ̀ ọ́n, ó sì mọ ọ̀nà Ìpetumodù. Wọ́n nu ìjàpá náà títí ó fi ń dán. Alhájà jókòó níwájú, Bàrákàt wà lẹ́yìn nínú aṣọ funfun, àwa obìnrin àsálátù wà nínú bọ́ọ̀sì tó ń tẹ̀ lé wọn. Mo gba ìdí fèrèsé. Mo fẹ́ máa wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

A ti jáde nílùú dáadáa kí n tó gbóòórùn epo. Mo ní ti ọkọ̀ mìíràn ni. Lẹ́yìn náà ni èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ẹ̀yìn ìjàpá, ó kọ́kọ́ funfun, ó wá dúdú.

Ànú yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ó fa Bàrákàt jáde, ó fa Alhájà jáde, ó tì wọ́n sínú koríko. A ti sọ̀kalẹ̀, a ń pariwo orúkọ Ọlọ́run. Ó ṣí ẹ̀yìn mọ́tò, iná sì bú jáde.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń sá ni ọmọ yẹn ń lọ. Epo ṣì ń wá láti iwájú mọ́tò, níbi tí táńkì wà, sínú iná náà, ó sì mọ̀ pé bí kò bá dúró, gbogbo ẹ̀ ló máa bú gbàmù. Ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ inú iná, ó di túúbù epo mú, ó fún un pa, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí àwọn ọkùnrin tó dúró lójú ọ̀nà fi da iyanrìn pa iná náà. Kò kígbe. Ìgbà tí wọ́n ní kó tú ọwọ́ sílẹ̀, kò lè tú u.

Wọ́n so yìgì Bàrákàt lọ́jọ́ náà pẹ̀lú òórùn èéfín lára aṣọ. Ànú wà ní ilé ìwòsàn.

Ẹnì kan ti ya fọ́tò ẹ́ńjìnnì tó jóná náà, ó fi ránṣẹ́ sórí fóònù Bùsàrí kí n tó délé. Mo bá a tó gbé fóònù súnmọ́ ojú.

"Pọ́ǹpù yìí dà," ló wí. "Kì í ṣe ti mọ́tò yìí."

"Àbí?" ni mo wí.

"Ọ̀pá kékeré kan wà lábẹ́ ẹ̀ tó ń tì í. Ti ẹ́ńjìnnì dínámò gùn, ti ọ́tánétọ̀ kúrú. Ìyàtọ̀ wọn ò ju ìbú ọmọńdinrín lọ. Tí o bá gbé pọ́ǹpù ti ọ́tánétọ̀ lé ọ̀pá gígùn, á máa tì í kọjá bó ṣe yẹ, epo á kún kabúrétọ̀, á máa ṣàn sórí ẹ́ńjìnnì." Ó gbé fóònù sílẹ̀. "Kí ló dé tí Ànú fi ṣe irú èyí?"

Mo ní mo fẹ́ lọ gbé omi gbóná wá fún un.

Nígbà tí wọ́n dá Ànú sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, tààrà ló wá sílé wa, ọwọ́ ẹ̀ wà nínú báńdéèjì dé ìgúnpá. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí ọwọ́ kan. Bùsàrí ò ní kó dìde.

"Níbo lo ti rí pọ́ǹpù yẹn?"

"Inú abọ́ Alhájà ni, ọ̀gá."

"Èmi ni mo tú mọ́tò náà. Kò sí pọ́ǹpù nínú abọ́ yẹn. Mo ní kí Hàjàrá sọ fún ẹ pé kí o má fọwọ́ kan mọ́tò náà rárá." Ó yíjú sí mi. "O sọ fún un àbí o ò sọ?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti ro ibẹ̀ yẹn títí. Ojú ọgbẹ́ ọkọ mi ò tíì jiná. Alhájà ti ń pè mí láti àárọ̀, mi ò gbé e. Ànú ń wò mí láti ilẹ̀, ojú ẹ̀ balẹ̀, torí ó mọ̀ pé mo máa sọ òótọ́.

"Mo sọ fún un," ni mo wí.

Ojú Ànú ò kúrò lára mi. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń dúró kí n parí gbólóhùn mi.

"Ọ̀gá," ló wí, "Ìyá ò sọ fún mi."

"Ṣé ìyàwó mi ló ń purọ́?"

Ànú tẹ orí ba.

"O mú pọ́ǹpù Bàbá Lágúnjú láti abọ́ sí abọ́," Bùsàrí wí. "Ohun kan ṣoṣo tí mo kọ́kọ́ kọ́ ẹ. O fẹ́rẹ̀ẹ́ sun ọmọ ọlọ́mọ níná lọ́jọ́ ìgbéyàwó ẹ̀. Mi ò lè gbàdúrà sí irú ọwọ́ yẹn. Máa lọ sílé, Ànú. Kò sí fírídọ̀mù."

Ó dìde. Ó kí ọkọ mi. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà, ó ní, "Ó dàbọ̀, Ìyá." Ó sì lọ sí Ìpetumodù.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe gbé àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e. Mò ń se oúnjẹ, mò ń kírun. Bí Bùsàrí bá wo abọ́ aláṣọ funfun tó wà lókè pẹpẹ, á mí kanlẹ̀, èmi náà á mí kanlẹ̀. Ó rò pé ohun kan náà ló ń dùn wá. Kò gbé abọ́ náà kúrò níbẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí ara ẹ̀ bá yá tán, n ó sọ fún un. Ara ẹ̀ yá tán. N kò sọ.

Bàbá Lágúnjú ló fẹsẹ̀ ara ẹ̀ wá lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ọ̀pá. Ẹsẹ̀ ti fúyẹ́, ó fẹ́ mọ́tò ẹ̀. Alhájà Fàrídà wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó wá wo bí wọ́n ṣe ń kan ẹ̀yìn ìjàpá ẹ̀ tó jóná. Èmi ń bu omi fún wọn.

"A jẹ yín ní pọ́ǹpù kan, Bàbá," Bùsàrí ń sọ fún un. "Ọmọ tó wà lọ́dọ̀ mi ló mú un. Mo ti wá òmíràn."

Ó na ọwọ́ sókè, ó gbé abọ́ náà sọ̀kalẹ̀. Látìgbà tí gbogbo ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kò tíì fọwọ́ kàn án. Ó fẹ́ tú rọ́bà, kò sí rọ́bà. Kókó ni ọwọ́ ẹ̀ bá.

Ó dúró. Ó fi ìka yí kókó náà ká.

N kò ronú kan kókó yẹn rí, ẹ dákun. Bí mo ṣe ń di owó sétí ìró mi ni mo ṣe dì í. Màámi ló kọ́ mi: wàá lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, wàá sì ti ẹnu ẹ̀ bọ abẹ́ ara ẹ̀ kó má baà tú. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n dì láìjẹ́ pé mo wò ó. Àwọn mẹkáníìkì kì í di aṣọ, rọ́bà ni wọ́n ń lò.

"Hàjàrá," Bùsàrí wí, "súnmọ́ ibí."

Mo súnmọ́ ọn, mo gbé omi lọ́wọ́. Ó gbé abọ́ náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ìbàdí mi, níbi tí mo di owó sí. Ó wo kókó tó wà létí ìró mi, ó wo èyí tó wà lójú abọ́.

"Kí lẹ ń wò?" Bàbá Lágúnjú bi í.

"Kókó ni, Bàbá," ló wí. Lẹ́yìn náà ló bi mí, ohùn ẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Ta ló di abọ́ yìí?"

Mo gbé omi tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀.

"Èmi ni."

"O sọ fún ọmọ yẹn àbí o ò sọ?"

"Mi ò sọ."

"Ó bi ẹ́ nípa pọ́ǹpù náà?"

"Ó bi mí."

"Ó rí i pé ó dà?"

"Ó rí i. Mo ní kí ló kọ́ nípa abọ́."

Alhájà Fàrídà dìde. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Torí kí n lè máa pè ẹ́ lọ́gàá," ló wí, kò tilẹ̀ pariwo. "O sì fi Bàrákàt jókòó lé e." Ó fa ìbòrí ẹ̀ wọ́, ó jáde. Bó ṣe rí gan-an ló sọ ọ́.

Bùsàrí jókòó sórí táyà kan. Mo ti ń retí kó bú mi, kó tilẹ̀ gbá mi. Kò ṣe ọ̀kankan.

"Ó rí i," ló ń sọ. "Mo kọ́ ọ dáadáa, ó rí i. Èmi náà ló kọ́ ọ pé kó gba abọ́ gbọ́ ju ojú ara ẹ̀ lọ. Èmi náà ló sì lé e."

Ó dìde. Ó gun àpótí, ó gbé abọ́ aláṣọ funfun náà sọ̀kalẹ̀ láti òkè, ó gbé e fún mi.

"Gbé e lọ fún un. Ìwọ fúnra rẹ. Kí o sì fi ẹnu rẹ sọ ọ́ níwájú ìyá ẹ̀."

"Ṣé ẹ ò ní bá mi lọ?"

"Tèmi ń bọ̀ lẹ́yìn. Èmi náà ní ẹ̀bẹ̀ tèmi."

Ìyá Ànú ń mọ ìkòkò ní Ìpetumodù, bí ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá wọn. Ìyá ń fi ọwọ́ omi ra ara ìkòkò kan, Ànú sì wà nínú amọ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó lè rọ̀. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Ó rí mi, ó jáde, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Èmi ni mo kúnlẹ̀.

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀, láti orí àga tí mo jókòó lé títí dé kókó. Ìyá ẹ̀ ò wò mí. Ọwọ́ ẹ̀ ò kúrò lára ìkòkò náà. Nígbà tí mo parí, ó ní, "Ànú, gbé omi fún àlejò."

Ó fi ọwọ́ òsì gbé e wá.

"Ìyá," ló wí, "ẹ dìde, ilẹ̀ tutù."

"Ànú, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín tipẹ́. Ẹ ò kàn rí mi kí n sọ fún yín ni." Ó jókòó sórí àpótí níwájú mi. "Nǹkan kan ló ń yọ mí lẹ́nu. Mo rí i pé pọ́ǹpù yẹn dà. Ojú mi rí i kedere. Ẹ̀yin lẹ wá sọ̀rọ̀, mo sì ní ó dáa, Ìyá ò lè ṣì mí lọ́nà. Mo máa ń jí, mo máa ń bi ara mi pé kí ló dé tí mo fi gbà yín gbọ́ ju ojú mi lọ."

Mo ti abọ́ náà síwájú ẹ̀.

"Ọ̀gá rẹ ní kí n gbé e wá. Tìẹ ni. Tìẹ ló jẹ́ látilẹ̀."

Ó mọ ohun tó jẹ́. Ó fi ọwọ́ òsì kan aṣọ funfun náà, ó fi ìka tẹ rọ́bà ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ ọ̀tún sí mi. Awọ ẹ̀ ń dán, ó sì fà. Àwọn ìka náà tẹ̀ díẹ̀, wọ́n sì dúró síbẹ̀.

"Ẹ wò ó, ibi tó ń tẹ̀ dé rèé. Kò lè di sípánà mú." Ó rọra ti abọ́ náà padà sí mi. "Ẹ bá mi kí ọ̀gá. Ẹ ní mo dúpẹ́."

Mo gbé abọ́ náà sórí itan nínú mọ́tò padà sí Ifẹ̀. Irin inú ẹ̀ ń dún bí a bá ti bọ́ sí kòtò.

Bùsàrí ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ó gba abọ́ náà, ó wo rọ́bà tí òun fúnra ẹ̀ dè, bó ṣe dè é gan-an ló wà.

"Kò ṣí i," ló wí.

"Kò ṣí i."

Ó gbé e padà sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà, òun àtàwọn àgbà ẹgbẹ́ mẹkáníìkì lọ sí Ìpetumodù, wọ́n ṣe fírídọ̀mù fún Ànú ní ẹ̀yìnkùlé ìyá ẹ̀, láàárín àwọn ìkòkò. Bùsàrí di ọwọ́ tó jóná náà mú, ó ń gbàdúrà sí i, kò sì lè parí àdúrà náà, ẹlòmíràn ló bá a parí ẹ̀. Ànú ṣe àmín. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Kò bá wọn padà.

Ọkọ mi ò lé mi. Ó ń jẹun mi, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀rọ̀ ilé. Bí ó bá kan ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́, ó máa ń dákẹ́. Ní àsálátù, ìdí ilẹ̀kùn ni mò ń jókòó sí. Alhájà ń kí mi bí mo bá kí i. N kì í di owó sétí ìró mọ́, pọ́ọ̀sì ni mò ń gbé.

Mò ń dé ibi iṣẹ́ láràárọ̀ láti gbálẹ̀. Mò ń nu eruku orí pẹpẹ pẹ̀lú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó jẹ́ oníbàárà tuntun dúró, ó ń wo òkè bí mo ṣe ń nu àwọn abọ́ náà.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Abọ́ aláṣọ funfun yẹn mọ́ o. Mọ́tò ta ni?"

"Kì í ṣe ti mọ́tò. Ti mẹkáníìkì kan ni."

"Ìgbà wo ló máa wá gbé e?"

Mo ti fẹ́ sọ pé láìpẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè mi, ó rọrùn, inú obìnrin náà ì bá sì dùn sí i. Mo gbé e mì.

"Kò ní wá," ni mo wí, mo sì gbé abọ́ náà sílẹ̀ kí n lè nu abẹ́ ẹ̀.